Orí Orúkọ ni Ilé: Àgbéyẹ̀wò Orúkọ Ẹni ní Ilẹ̀ Yorùbá

Bí ọmọ bá béèrè ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lóde òní, ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún un kì í gùn. Délé? "Ó dé ilé." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ta ló dé ilé? Délé lè jẹ́ Akíndélé, ó lè jẹ́ Oyèdélé, ó sì lè jẹ́ Fádélé, Ògúndélé tàbí Àyándélé. Akíndélé fi ìdílé akin hàn, Oyèdélé fi ìdílé olóyè hàn. Fádélé, ilé babaláwo ni; Ògúndélé, ilé ọdẹ tàbí ti alágbẹ̀dẹ; Àyándélé, ilé onílù. Bámidélé kò tilẹ̀ bá wọn tan: ìdálẹ̀ ni wọ́n bí i sí, òbí rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun dé ilé. Gbogbo wọn ni à ń pè ní Délé, gbogbo wọn ni a sì ń fún ní ìtumọ̀ kan náà.

Nítorí náà, ìbéèrè tí a ń béèrè kò tó. Orúkọ Yorùbá ní orí, ó sì ní ara. Orí rẹ̀ ló ń sọ ilé tí ọmọ ti wá, ara rẹ̀ ló ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tàbí ohun tí wọ́n ń retí nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tí a bá ń wá ìtumọ̀, ara nìkan ni a máa ń yẹ̀ wò. Ojú tí mo fi wo gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ nínú àgbéyẹ̀wò yìí nìyẹn: kí ni orí orúkọ ń ṣe, orúkọ wo ni kò ní orí rárá, àti pé ta ló gé orí èyí tí ó ní tẹ́lẹ̀?

Ẹ mú Awólọ́wọ̀ àti Oyèlọ́wọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ìdílé méjèèjì sọ, pé nǹkan kan ní ọ̀wọ̀. Ní ilé kan, awo ni. Ní èkejì, oyè ni. Bí a bá tún rí Adélọ́wọ̀, a mọ̀ pé adé ni wọ́n ń bọlá fún níbẹ̀. Báyìí ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ wọ inú gbólóhùn. Adé jẹ́ ti àwọn ọmọ ọba. Ọ̀jẹ̀ jẹ́ ti eléégún. Ọdẹ kò fara pamọ́. Ọya, Ṣàngó àti Ọ̀ṣun ń sọ ojúbọ tí ó wà nínú agbo ilé. Ẹfun, tí í ṣe ohun mímọ́ Ọbàtálá, wà lórí orúkọ méjì tí ìtàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò lè gbàgbé, Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí ó jẹ́ Ìyálóde Ìbàdàn, àti Ẹfúnróyè Tinúbú tí òwò rẹ̀ mi Èkó àti Abẹ́òkúta. Ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn wọn tí ó fojú fo Ẹfun, ó ti fojú fo òòṣà tí wọ́n bí wọn sí abẹ́ rẹ̀.

Orí orúkọ tún máa ń sọ ìlú. Ní Oǹdó àti Èkìtì, Akin pọ̀ bí omi. Ní Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ àti Ẹ̀gbá, Ṣó ni a óò máa bá pàdé, tí í ṣe oṣó: Ṣódípọ̀, Ṣówándé, Ṣóyínká. Ọ̀yọ́ kò ní pe ara rẹ̀ ní Ṣó. Bí ẹ bá dárúkọ fún àgbàlagbà kan, ìlú lásán kọ́ ni yóò sọ fún yín, yóò sọ ẹkùn pẹ̀lú.

Ìsọmọlórúkọ fúnra rẹ̀ ló fa kí orúkọ ẹnì kan pọ̀. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí ìwé náà kò jáde títí di 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ obìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Ó tún sọ bí wọ́n ṣe ń da omi sórí òrùlé, tí wọ́n á gbé ọmọ sábẹ́ ibi tí omi náà ti ń kán kí ó lè bà á lára. Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ló ti di ti gbogbo ọmọ. Ohun tí kò yí padà ni pé bàbá nìkan kọ́ ló ń sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá bàbá á ju owó sínú abọ́ omi, á dárúkọ tirẹ̀. Ìyá ìyá á dárúkọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá náà ní ohun tí ó fẹ́ pè é. Olúkúlùkù ló mọ ìdí tí òun fi sọ ohun tí òun sọ. Nígbà tí ọmọ bá fi máa dàgbà, orúkọ kan ló wà nínú ìwé, ẹni tí ó sọ ọ́ sì lè ti kú. Bí a kò bá béèrè nígbà tí ó wà láàyè, ara orúkọ nìkan ló kù wá kù.

Orúkọ amútọ̀runwá kò ní orí tí ń sọ ilé, nítorí pé kì í ṣe ilé ló sọ ọ́. Bí ọmọ ṣe jáde ni wọ́n ń wò. Àjàyí dojú bolẹ̀ wáyé. Ìgè ti ẹsẹ̀ wá. Òjó àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn, ọkùnrin ni Òjó, obìnrin ni Àìná. Dàda bá irun tí ó ta kókó wá. Ọ̀kẹ́ wà nínú àpò rẹ̀ tí kò ya. Awọ bo orí Sàlàkọ́ àti Tàlàbí. Ìyá Ilọ̀rí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ kí ó tó lóyún. Olúgbódi ní ìka mẹ́fà. Agbẹ̀bí èyíkéyìí tí ó bá gbọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí mọ̀ pé ìwé ìbí ni wọ́n, tí wọ́n kọ láìní tádàwá. Orúkọ Ìgè nìkan ti sọ pé ìyá náà rí wàhálà lórí ìkúnlẹ̀.

Nítorí pé wọ́n dúró lórí ara ọmọ, tí wọn kò dúró lórí ilé, àwọn ni wọ́n le jù láti gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìtàn òwò ẹrú fi èyí hàn kedere. Ọdún 1821 ni wọ́n kó ọmọkùnrin kan ní Òṣogùn. Ọ̀gágun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n kó o sí ní 1822, wọ́n mú un lọ sí Freetown, wọ́n sì rì í bọmi ní 1825 pẹ̀lú orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù: Samuel Crowther. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Síbẹ̀ Àjàyí ni, Àjàyí náà ni a sì ń pè é títí di òní, nítorí ọ̀nà tí ó gbà jáde nínú ìyá rẹ̀ kò ṣeé yí padà nínú ìwé ìrìbọmi.

Ti Àìná dùn mí ju tirẹ̀ lọ. Òkè-Ọ̀dàn ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ti kó o ní 1848, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀. Ní 1850, Ọba Gezo fi í fún ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, láti gbé e lọ fún Ọbabìnrin Victoria. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Sarah Forbes Bonetta. Forbes jẹ́ ti ọ̀gákọ̀, Bonetta sì jẹ́ ti ọkọ̀ ojú omi náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies ní Brighton ní 1862, ó tún gba orúkọ ọkọ mọ́ ọn. Nínú gbogbo rẹ̀, Àìná nìkan ló ti ilé wá. Ìyá tí ó sọ ọ́ kò sí mọ́, ilé jó, ìlú tú, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ń sọ fún wa títí di òní pé wọ́n bí ọmọbìnrin yìí pẹ̀lú ìwọ́ lọ́rùn, àti pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó rí i, tí ó sì yára tú u.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú wọn ló wà. Àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ tí ń dá àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú sílẹ̀ ní Freetown àti Havana kọ orúkọ ohun tí ó lé ní 90,000 ènìyàn sínú ìwé, bí etí Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípáníìṣì ṣe gbọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ ti ń lo orúkọ wọ̀nyí láti mọ ibi tí oníkálukú wọn ti wá. Bí wọ́n bá rí Òjó, Àjàyí tàbí Dàda, bó ti wù kí akọ̀wé bà á jẹ́ tó, wọ́n mọ ilẹ̀ tí ó hù ú.

Ti ìbejì ni ó tẹ̀ lé e. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ òun ni àbúrò, nítorí pé Kẹ́hìndé ló rán an kí ó lọ tọ́ ayé wò. Ìdòwú ló tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn rẹ̀ Àlàbá, lẹ́yìn rẹ̀ Ìdògbé. Ìbí kan ṣoṣo ti to orúkọ fún àwọn tí wọn kò tíì lóyún wọn. Kò sì yà mí lẹ́nu pé ilẹ̀ yìí ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Ní Ìgbò-Ọrà, ìwádìí tí oníṣègùn Patrick Nylander ṣe ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn rí i pé ìbejì tó 45 sí 50 nínú 1,000 ìbí, nígbà tí ti àgbáyé kò ju bíi 12 lọ.

Àríyànjiyàn kan wà tí mo fẹ́ dá sí. Àwọn kan ka Babátúndé, Yétúndé, Abíọ́dún àti Abíọ́nà mọ́ amútọ̀runwá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ó fi dán an wò ni pé, ṣé ó ṣeé ṣe kí òbí yan nǹkan mìíràn? Ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ ti jẹ́ Àjàyí kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ṣùgbọ́n kí a tó pe ọmọ ní Babátúndé, ẹnì kan ní láti rò ó pé bàbá àgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló yà sílé yìí, kí ó sì pinnu láti sọ ọ́. Abíọ́dún náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ọdún ni, àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n bí lọ́jọ́ ọdún kò jẹ́ ẹ. Àbísọ ni wọ́n.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wúwo. Orúkọ àbíkú kò ní orí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn ló fà á: ọmọ náà gan-an ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Málọmọ́. Dúrójayé. Dúrósinmí. Bánjókòó. Tìjúikú. Nígbà mìíràn ẹ̀bẹ̀ á di ìhalẹ̀: Igbókọ̀yí, igbó tí wọ́n ń sin òkú sí kọ èyí. Nígbà mìíràn wọ́n á sọ ọmọ di ohun ẹ̀gàn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run má baà fẹ́ ẹ mọ́: Ajá, Ààtàn. Kòsọ́kọ́ ló máa ń dá mi dúró. Kò sí ọkọ́ mọ́. Èyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ sàréè àwọn tí ó ṣáájú ti tán. Ọmọ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ dàgbà, ó jọba Èkó ní 1845, títí ìbọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi lé e kúrò ní 1851. Àwọn tí ń ka ìtàn rẹ̀ mọ ogun tí ó jà. Ìwọ̀nba ló ń rántí iye ọmọ tí ó ní láti kú kí ọba tó lè jẹ́ Kòsọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká tún wo Moshood Káṣìmáawòó Abíọ́lá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1937. Ọmọ kẹtàlélógún bàbá rẹ̀ ni, òun sì ni àkọ́kọ́ tí kò kú ní kékeré. Méjìlélógún ti lọ. Kí ni ẹni tí ó ti sin ọmọ méjìlélógún fẹ́ sọ fún ìkẹtàlélógún? Kò gbàdúrà, kò dúpẹ́, kò sọ pé ọlá dé. Ó ní: ká ṣì máa wò ó. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993, orúkọ yẹn ni K tó wà láàárín MKO.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ̀ pé àìsàn ń pa ọmọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé ilé kan ń sin ọmọ léraléra, ilé kejì rẹ̀ kò sin ìkankan, wọ́n sì fi ọgbọ́n tí ó wà lọ́wọ́ wọn tú u. Lónìí a mọ̀ pé bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló gbé ẹ̀jẹ̀ AS, àti pé bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, ọmọ lè jẹ́ SS, kí fòníkú-fọ̀ladìde máa dà á láàmú. Ibà àti ẹ̀ẹ́yi náà kó tiwọn. Níbi tí ìjọba kò ti sí láti ka òkú ọmọdé, orúkọ ló kà á. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ilé ìwòsàn dé, irú orúkọ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára ọmọ tuntun, wọ́n sì di orúkọ bàbá nìkan: Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, Bíòbákú. Inú mi dùn pé a kò nílò wọn mọ́. Kò yẹ kí ẹni tí ó ń jẹ́ ọ̀kan nínú wọn máa tijú rẹ̀.

Oríkì yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí mo ti kà. Kò sọ ilé, kò sọ bí wọ́n ṣe bíni. Ìfẹ́ tí wọ́n fi gba ọmọ ló ń sọ. Àbẹ̀ní ni ẹni tí a bẹ̀ kí a tó ní. Àjàní, a jà kí ó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Àjíkẹ́, a jí, òun ni a kọ́kọ́ ń kẹ́. Àdùkẹ́, gbogbo ilé ló ń dù ú láti kẹ́. Ní Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti agbègbè wọn ló ti gbilẹ̀ jù. Àgbà ló ń fi í pe ọmọdé. Ọmọdé kò gbọdọ̀ fi pe àgbà. Ìyá tí ó bá fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́ tí ó le mọ̀ pé orúkọ ìwé kò ní mú un dìde, ṣùgbọ́n bí ó bá ní "Àdùkẹ́, jọ̀ọ́," iṣẹ́ ti di ṣíṣe. Orílẹ̀, oríkì ìran tí Adéboyè Babalọlá kó jọ sínú Àwọn Oríkì Orílẹ̀ ní 1967, ọ̀tọ̀ ni. Ti gbogbo ìran ni ìyẹn, ti ẹnì kan ṣoṣo ni èyí.

Àwọn olórin àpàlà àti fújì ni wọ́n gbé oríkì jáde sí gbangba: Hárúnà Ìṣọ̀lá, Àyìnlá Ọmọwúrà, Síkírù Àyìndé, Wàsíù Àyìndé, Kọ́líńtọ́ọ̀nù Àyìnlá. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, orúkọ mọ́ṣáláṣí wà níwájú, oríkì tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ọ̀kan ń bá èkejì jà. Fọ́ọ̀mù tí à ń kún lónìí kò ní àyè fún oríkì. Mo gbà pé ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá kò fi ní in mọ́ nìyẹn, ju pé òbí wọn kórìíra rẹ̀ lọ.

Àwọn ìyàwó ilé náà ní orúkọ tí wọ́n ń sọ àwọn ọmọ ọkọ wọn, torí ìyàwó kò gbọdọ̀ pe ọmọ tí ó bá nílé ní orúkọ rẹ̀ gan-an: Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Eyínfúnjowó, Akọ̀wé. Wọ́n dùn, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà kọjá ẹnu ẹni tí ó sọ wọ́n.

Nígbà tí ẹ̀sìn méjì tí ó ti òkèèrè wá dé, orí orúkọ ni wọ́n kọ lù. Bí Kìrìsìtẹ́nì ṣe ṣe é rọrùn láti rí: a yọ Fá tàbí Ògún kúrò, a fi Olú síbẹ̀, a kò fọwọ́ kan ara. Fágbèmí di Olúgbèmí, Ògúnbíyìí di Olúbíyìí. Ilé yí padà, ìtàn dúró. Ẹni tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, Oròwọlé ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Òkè-Igbó ní 1903. Lẹ́yìn náà ó gba Ọlọ́runfẹ́mi. Orò kúrò, Ọlọ́run wọlé. Síbẹ̀ ó ń jẹ́ Fágúnwà títí ó fi kú ní 1963, Ifá sì wà lórí orúkọ tí ó mú lókìkí.

Èyí ló mú mi rí ohun kan tí n kò rí kí àwọn òǹkọ̀wé tẹnu mọ́. Ètò orúkọ bàbá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ilé ìwé mú wá, tí ó so orúkọ bàbá mọ́ ọmọ títí láé, òun náà ló dáàbò bo orí orúkọ. Ọ̀gá ilé ìwé St Peter's ní Aké jẹ́ onígbàgbọ́ tọkàntọkàn, ó ń jẹ́ Ṣóyínká. Ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986 pẹ̀lú oṣó lórí orúkọ. Awo kò kúrò lórí Awólọ́wọ̀. Bí oníkálukú bá ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nìkan bíi ti àtijọ́, ìran kan ì bá ti tó láti gbá gbogbo rẹ̀ dànù.

Olú pàápàá kò rọrùn bí a ṣe rò. Olúwa ni gbogbo ènìyàn ń ka Olúwọlé àti Olúṣọlá sí lónìí. Ṣùgbọ́n olú jẹ́ olórí, ọ̀gá, ẹni tí ó ga nílé, kí bíbélì tó dé. Ilé kan lè sọ ọmọ ní Olúwọlé kí ó ní Ọlọ́run lọ́kàn, ilé mìíràn lè ní olóyè ìdílé wọn lọ́kàn. Lẹ́tà kò lè sọ èyí tí ó jẹ́. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ti Mùsùlùmí gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn orúkọ Lárúbáwá wọlé, Yorùbá sì fi ahọ́n tirẹ̀ tún wọn ṣe: Usman di Sùnmọ́nù, Ibrahim di Bùráímọ̀, Abubakar di Bàkárè, Yusuf di Yésúfù. Gbàdàmọ́sí, wọ́n gbà pé láti ara Ghadames ló ti wá, ìlú oníṣòwò kan nínú aṣálẹ̀ Líbíyà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ràsákì, Wàhábì, Fàtáì, Làsísì, Ràímì. Nínú èdè Lárúbáwá, orúkọ Ọlọ́run ni ìkọ̀ọ̀kan wọn, ènìyàn kò sì lè jẹ́ ẹ láìfi Abdul ṣáájú, pé ẹrú Ẹni yẹn ni òun. Yorùbá gé Abdul. Bí wọ́n ṣe gé Adé kúrò lórí Adéwálé kí ó lè ṣeé pè kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gé e. Àwọn òbí òde òní ń dá a padà, AbdulRazaq, AbdulWahab, inú àwọn ààfáà sì ń dùn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kí á má fi ojú aláìmọ̀kan wo Ràsákì àtijọ́. Orúkọ Yorùbá ni ìyẹn ti dà.

Àwọn kan wà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé orí padà. Ní 1887, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Guyana fún òbí Yorùbá, tí ó ń jẹ́ William James Davies, sọ ara rẹ̀ di Orishatuke Faduma. Oníwàásù ni, ó sì fi Òrìṣà àti Ifá sórí orúkọ rẹ̀ méjèèjì. Ní Èkó ní 1894, David Brown Vincent, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, di Mójọlá Agbebí. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, Fẹlá yọ Ransome kúrò, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà ló ti gba Ransome láti fi bọlá fún òyìnbó míṣọ́nnárì kan. Mo bọ̀wọ̀ fún Faduma jù nínú wọn. Kò kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì nítorí orúkọ, kò sì gbà pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ni orúkọ òun.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, ààlà àti ìwé Faransé ló yí ojú orúkọ padà: Òjó di Odjo, Àjàyí di Adjayi, ch sì gba ipò ṣ. Ẹni tí ó bá pè é sókè á gbọ́ ará ilé rẹ̀.

Lónìí, orí kan ṣoṣo ló fẹ́ gba gbogbo ilé. Ẹ wo ìwé orúkọ kíláàsì kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó: Olúwatóbilọ́ba, Olúwadámilárẹ́, Ìníolúwa, Tèmilolúwa, Mofiyinfólúwa. Àdúrà àti ọpẹ́ inú wọn kì í ṣe ẹ̀tàn, n kò sì ní sọ fún òbí kankan pé kí ó má yin Ọlọ́run rẹ̀ lára ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọmọ onílù, ọmọ ọdẹ, ọmọ alágbẹ̀dẹ àti ọmọ ọba ti di ará ilé kan náà nínú ìwé yẹn. Wọn ì bá fi kún un. Wọ́n fi rọ́pò ni. Bí ọmọ bá tún kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, orúkọ gígùn á di ìlàjì. Bùkáyọ̀ ni gbogbo ayé mọ agbábọ́ọ̀lù Arsenal sí. Ọ̀rọ̀ ìṣe àti ayọ̀ ló kù, ẹni tí ó bù kún ayọ̀ náà kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Àmì ohùn kò sì sí lórí páṣípọ́ọ̀tù èyíkéyìí.

Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sùn. Modúpẹ́ Odúyọyè gbé ìhun orúkọ yẹ̀ wò nínú ìwé tí ó ṣe ní 1972. Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá tẹ ìwé atúmọ̀ orúkọ jáde ní 2003. Kọ́lá Túbọ̀sún gbé irú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ènìyàn lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ létí ara rẹ̀, èyí sì wúlò gan-an fún ọmọ tí ó dàgbà sókè òkun. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé lè ṣe ni kí ó tú gbólóhùn. Bí mo bá ṣí i sí Rótìmí, á sọ fún mi pé "dúró tì mí." Kò lè sọ bóyá àbíkú ni, tàbí bàbá ọmọ ló kú nígbà oyún tí ìyá fi bẹ ọmọ pé kí òun náà má lọ, tàbí wọ́n kàn fi sọ ọ́ nítorí bàbá àgbà kan tí ó jẹ́ ẹ. Ìdáhùn yẹn wà lọ́wọ́ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá kan tí ó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún.

Ibì kan wà tí orí orúkọ kò ti kúrò rárá, òkè òkun sì ni. Ní Bahia ní Brazil, Pọtogí ni wọ́n fi rì àwọn ẹrú bọmi, Maria, Ana, Martiniano. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba òòṣà ní ilé Candomblé máa ń gba orúkọ mìíràn, ọjọ́ kan sì wà tí wọ́n ń pè ní orunkó, tí òòṣà fúnra rẹ̀ á kígbe orúkọ náà jáde lójú àwùjọ. Níbẹ̀, orúkọ kò lè wà láìní orí, nítorí pé òòṣà ni orí rẹ̀. Eugênia Ana dos Santos, tí ó dá ilé Candomblé Opô Afonjá sílẹ̀ ní Salvador ní 1910, ń jẹ́ Obá Biyi. Ṣàngó ni ọba tí ó bí i. Ọ̀kan nínú àwọn arọ́pò rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Mãe Senhora ń jẹ́ Oxum Muiwà. Martiniano do Bonfim, tí òbí rẹ̀ rán wá sí Èkó láti 1875 sí 1886 kí ó lè kọ́ ẹ̀kọ́, jẹ́ Ojeladê, ọmọ ọ̀jẹ̀. Òyìnbó Faransé náà, Pierre Verger, tí ó gba Ifá ní Kétu ní 1953, fi Fátúmbí sáàárín orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹni tí ó darí Opô Afonjá láti 1976 títí ó fi kú ní 2018 ni Maria Stella de Azevedo Santos. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni òòṣà rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Káyọ̀dé kún ìgboro, Olú tàbí Adé ló sì máa ń wà níwájú rẹ̀, bí ohunkóhun bá wà níwájú rẹ̀ rárá. Orúkọ tí Mãe Stella gbà ni Odé Kayodé: ọdẹ ló kó ayọ̀ náà dé.